Èsì: Ṣíṣí ìwé tuntun láìtún kọ ìwọ̀n
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ó ti sú yín láti máa kọ ìwọ̀n ojú ìwé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí ìwé tuntun nínú InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú ìwé fún títẹ̀. Ẹ lọ sí File, Document Presets, Define, kí ẹ tẹ New. Ẹ kọ ìwọ̀n yín, bíi A5 pẹ̀lú bleed 3 mm (àfikún etí ìwé tí wọ́n máa gé kúrò lẹ́yìn títẹ̀), kí ẹ sì fún un lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń yan orúkọ yẹn nínú File, Document Presets: ìwé á ṣí lójú ẹsẹ̀, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Ctrl+Alt+N náà yá (Cmd+Option+N lórí Mac), àmọ́ ìwọ̀n tí ẹ lò kẹ́yìn ló ń gbé wá. Ó ti gbé A3, ojú ìwé ńlá, fún mi rí, bẹ́ẹ̀ káàdì ìpè kékeré ni mo fẹ́ ṣe!