Àbúrò mi, máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ láti Ọ̀fà. O ní bí nǹkan oṣù rẹ bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ àti ọkọ rẹ kì í lè sọ̀rọ̀ kó má dìjà, ẹkún á kàn máa gbọ̀n ọ́, iṣẹ́ á sú ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti yọ, ara á balẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ ní àlùjànnú ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ní kò sí nǹkan kan. Èmi náà jẹ ìyà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìlọrin níbí. Mo mọ bó ṣe ń rí.

Má jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò yẹn dà ọ́ lọ́kàn rú. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè rí àìsàn tó ń ṣe wá yìí. Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde lára obìnrin, họ́mọ̀nù progesterone á gòkè, á tún wálẹ̀ bí nǹkan oṣù bá ku díẹ̀. Bó ṣe rí lára gbogbo obìnrin nìyẹn, iye tó wà lára tiwa kì í sì í sábà yàtọ̀. Ọpọlọ tiwa ni kì í gba àyípadà yẹn mọ́ra. Ọmú tó ń dunni, inú tó wú, ìkanra díẹ̀, PMS nìyẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí i. Èyí tó ń tú ilé ká bíi tiwa yìí, PMDD ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi í sínú DSM-5, ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ti fi í sínú ICD-11, ìyẹn àkójọ àìsàn tiwọn. Mi ò ní kó o má gbàdúrà o. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ohun tó gbà mí ni ìwé. Télọ̀ ni mí, ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà ni mo lò. Mo fi rúlà fa ìlà, ọjọ́ kan, ìlà kan. Lálaalẹ́ kí n tó bo máṣíìnì, mo máa ń kọ nọ́ńbà sí ẹkún, sí inú bíbí, sí oorun: 1 bí kò bá sí rárá, 6 bó bá le kọjá àlà. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, mo máa ń fi báírò pupa sàmì sí i. Àwa tá a ń gbààwẹ̀ kúkú mọ irú ìṣirò yìí, torí a máa ń ka ọjọ́ tá a jẹ nínú Ramadan ká lè san án padà. Ìwọ náà, ṣe é fún oṣù méjì ó kéré tán, má sì dúró dìgbà tí oṣù bá parí kó o tó máa rántí, torí ìrántí kì í sọ òótọ́ délẹ̀. Nígbà tí mo gbé e fún dókítà, ó fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ: 1, 1, 2, ó wá di 5, 6, 6, báírò pupa tẹ̀lé e, ó tún padà di 1. Ó ní ohun tí òun ń wá nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá ga jálẹ̀ oṣù, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìsàn thyroid ló ń le sí i lásìkò yẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé kó o gba ẹ̀mí ara rẹ, má dúró de oṣù méjì kankan. Lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnìkan sì tẹ̀lé ọ.

Ní ti oògùn, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn irú fluoxetine àti sertraline ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní oògùn wèrè ládùúgbò mi, irọ́ ni. Nínú àìsàn tiwa, ọjọ́ díẹ̀ ló lè gbà kó tó ṣiṣẹ́, àwọn kan sì ń lò ó ní ìdajì oṣù tó ṣáájú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Èébì kọ́kọ́ ń gbé mi, ó sì lọ. Wọ́n lè fún ẹlòmíì ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní drospirenone nínú. Kálísíọ́mù náà ń dín PMS kù: 1,200 mg lójúmọ́ ni wọ́n lò nínú ìwádìí. Wàrà tí wọ́n ń kiri níbí ní in, àti ẹja wẹ́wẹ́ tá a ń jẹ teegunteegun, àmọ́ àwọn yẹn nìkan kò lè borí PMDD. Fítámì B6, má dá a lò lálòjù, torí ó ń ba iṣan jẹ́, ìka á sì máa kú tipiri. Ọwọ́ ni mo fi ń jẹun, mi ò lè fi ṣeré.

Bí o kò bá rí dókítà tó mọ̀ ọ́n nítòsí, UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, ní dókítà ọpọlọ àti ti àìsàn obìnrin. Mú ìwé rẹ dání. Fi han ọkọ rẹ náà. Lẹ́yìn tí tèmi rí i, a fẹnu kò pé a kò ní sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Kó o sì sọ fún dókítà bí o bá ń wá oyún tàbí ò ń fọ́mọ lọ́mú, àti gbogbo àgbo tí ò ń mu, kó tó kọ oògùn fún ọ.