Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já bọ́ sínú ilẹ̀kùn: ṣé mo lè tú u fúnra mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mi já bọ́ sínú ilẹ̀kùn lójijì. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, mo ń gbọ́ tí mọ́tò ń yí nínú, àmọ́ gíláàsì ò mira. Mo ti tú ilẹ̀kùn iwájú rí, mo sì tò ó padà dáadáa. Tẹ̀yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí gíláàsì kékeré tí kì í sọ̀kalẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá. Ṣé mo lè tú u nílé láì fọ́ nǹkan kan?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù gíláàsì kékeré yẹn kúrò lọ́kàn yín: bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ló ń ṣe ọkọ̀ yín, ẹ lè má fọwọ́ kàn án rárá. Mọ́tò tó ń yí yẹn fi hàn pé iná ń débẹ̀. Ó lè jẹ́ pé okùn wáyà régúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì sókè sódò, ló já. Ó lè jẹ́ ike tó di ìsàlẹ̀ gíláàsì mú ló fọ́, ó sì lè jẹ́ bóòtù ibẹ̀ ló kàn tú. Nítorí náà, ẹ má tíì ra nǹkan kan títí ẹ ó fi ṣí i wò.

Gíláàsì iwájú tí awakọ̀ ń wò ní ọ̀rá láàárín. Bó bá fọ́, á ṣì dì mọ́ra. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un gbóná gan-an, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tù ú kíákíá kó lè le. Àárín rẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ etí rẹ̀ ni ibi àìlera rẹ̀. Bí etí yẹn bá gbá irin tàbí sìmẹ́ńtì, gbogbo rẹ̀ lè tú ká wẹ́wẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ tó nípọn sílẹ̀ de ìgbà tí gíláàsì bá máa jáde.

Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, kí ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, nítorí airbag, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn skúrúù tó fara pa mọ́: ẹ̀yìn ọwọ́ tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn láti inú, abẹ́ ibi tí a ń gbé apá lé, àti abẹ́ àwọn ìdérí kéékèèké. Kí ẹ wá ti ike pẹlẹbẹ bọ abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì láti igun ìsàlẹ̀, kí ẹ máa yọ kílíìpù rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti yọ, òkè ni ẹ ó gbé pánẹ́ẹ̀lì sí, torí pé ó fi orí kọ́ ètè ilẹ̀kùn. Ẹ má fà á jáde lójijì o, wáyà àti okùn ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣì so mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ọ̀rá tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya á dànù, bí ẹni pé ìdì ọjà ni. Omi òjò tó bá gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, inú ilẹ̀kùn ló ń ṣàn sí, ihò tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó yà sínú ọkọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn, tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn títí, tó sì jẹ́ pé ọ̀rá ló ti ya. Ẹ fi abẹ gé àtè dúdú tó mú un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ kan àtè náà.

Ní báyìí, ẹ gbé gíláàsì sókè pátápátá, kí ẹ fi téèpù tó lágbára dè é mọ́ orí férémù lójú méjì, nínú àti lóde. Tó bá ti dúró, ẹ tú bóòtù régúlétọ̀ àti ti mọ́tò, kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ gba ojú ihò ńlá jáde. Ẹ fi máàkà sàmì sí ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó tú u, torí pé ihò wọn máa ń gùn, wọ́n sì lè yẹ̀. Bó bá jẹ́ régúlétọ̀ tó ní apá irin méjì tó dábùú ara wọn, ẹ má tú mọ́tò kúrò lára rẹ̀ láì kọ́kọ́ de apá irin náà mọ́lẹ̀. Sípíríìnì rẹ̀ lè na apá yẹn lójijì, kó sì ṣe yín léṣe.

Ìgbà tí gíláàsì ńlá fúnra rẹ̀ bá ní láti jáde ni ọ̀rọ̀ gíláàsì kékeré tó dé. Ọ̀pá kan ló pín àwọn méjèèjì. Ẹ fa rọ́bà ojú férémù sílẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ẹ ó rí skúrúù ọ̀pá náà lókè. Bóòtù rẹ̀ tó kù wà nísàlẹ̀, nínú ilẹ̀kùn. Ẹ sàmì sí ti ìsàlẹ̀ yìí dáadáa, torí pé òun ló ń pinnu bóyá gíláàsì á há tàbí á máa mì. Ẹ rọ gíláàsì ńlá sísàlẹ̀, ẹ yọ ọ̀pá, kí ẹ wá fa gíláàsì kékeré síwájú pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ wá, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi tọ́ rọ́bà náà, kì í ṣe skúrúdíráfà. Lẹ́yìn èyí, gíláàsì ńlá á dagun jáde.

Nígbà títò padà, ẹ má fún bóòtù ẹsẹ̀ gíláàsì pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé, ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ gbé gíláàsì dé òkè pátá kó fúnra rẹ̀ wá ààyè rẹ̀, kí ẹ tó fún un, níwọ̀nba. Sílíkóònù ni kí ẹ fín sójú ọ̀nà rọ́bà. Epo ẹ́ńjìnnì àti gíríìsì máa ń ba rọ́bà jẹ́, iyẹ̀pẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ gbé e sókè sódò bíi ìgbà márùn-ún kí pánẹ́ẹ̀lì tó wọlé.

Ẹ tẹ ọ̀rá padà yípo, kò gbọdọ̀ ku ojú kan. Tí pánẹ́ẹ̀lì bá ti wọlé, ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi skúrúdíráfà ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìyẹn irin tó ń di ilẹ̀kùn mú bí a bá tì í, bí ẹni pé ó ti pa dé, kí ẹ fa ọwọ́ inú àti tòde wò bóyá á ṣí. Bí okùn ọwọ́ kò bá wọ ibi tó yẹ, tí ẹ sì ti ilẹ̀kùn pa, wàhálà ńlá ni láti tún un ṣí.

Bí gíláàsì kò bá gòkè fúnra rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó gbé e dé òkè, kí ẹ sì di bọ́tìnnì mú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìwé ọkọ̀ yín á sọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí gíláàsì láti òde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí omi bá ń kán gba ihò rẹ̀ jáde, tí kápẹ́ẹ̀tì sì gbẹ, iṣẹ́ yín pé.