Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lóru, omi ṣì gbóná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì kan wà lábẹ́ ilé wa ní London tó ń pèsè iná àti omi gbígbóná. Tó bá ti di aago 11 alẹ́, á pa lọ́lọ́. Aládùúgbò mi ní ńṣe ni wọ́n ń pa á kí wọ́n lè fi owó gáàsì wa sápò. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tó ń mú yàrá mi gbóná kì í tutù. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ti pípa tí wọ́n ń pa á lóru, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ọdún 11 ni mo fi ṣọ́ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lóru, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi ń pa á.

Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ ilé: bó ṣe ń tan iná, bẹ́ẹ̀ ló ń da ooru sáfẹ́fẹ́. Tiyín kì í jẹ́ kí ooru yẹn ṣòfò, omi ló fi ń mú gbóná. Àmọ́ iná àti ooru jọ ń jáde ni. Ẹ ò lè gba ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Iná òru sì rèé, ọjà rẹ̀ kì í yá: ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn, atẹ́gùn òkun ṣì ń yí fáànù ńláńlá tó ń pèsè iná. Aago 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọ́n. Ìgbà yẹn là ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ dáadáa, kí táǹkì ńlá tí à ń fi omi gbígbóná pa mọ́ sí kún, ká tó pa á. Omi inú táǹkì yìí ló ń mú rédíétọ̀ yín gbóná lóru. Àdúgbò Pimlico ní London ti ń fi omi gbígbóná pa mọ́ báyìí láti 1950. Ibùdó iná Battersea lomi náà ti ń wá nígbà yẹn, abẹ́ odò Thames ló gbà kọjá, táǹkì gogoro náà sì wà níbẹ̀ dòní.

Tẹmómítà wà lára táǹkì wa láti òkè délẹ̀. Omi gbígbóná fúyẹ́, òun ló ń wà lókè. Tútù á sùn sísàlẹ̀. Bí òru ṣe ń lọ, òtútù á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku tẹmómítà méjì péré lókè tó ṣì ń ka 85°C, mo ti mọ̀ pé ó yá, kí n tan ẹ́ńjìnnì káwọn ọmọléèwé tó jí wẹ̀. Lóru tí yìnyín bá ń já bọ́, a kì í pa á rárá.

Owó ooru ni kẹ́ ẹ bá wọn fà. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bóyá iná tí wọ́n ń tà nírọ̀lẹ́ ń dín iye tí ẹ ń san kù. Òfin Energy Act ti 2023 ti fi irú ètò yìí sábẹ́ Ofgem, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó iná àti gáàsì, ẹ má bẹ̀rù àtibéèrè. Bí rédíétọ̀ bá sì tutù láago 4 òru, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ bá wọn.