Èsì: Ọ̀rọ̀ orin tó ń yí padà lórí dùùrù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Dùùrù yín kò ṣe nǹkan kan, ohùn orin ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ ní nígbà tí ẹ kọ “ọkọ́ bàbá mi ń dán” ní Kétu, ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ibì kan náà lẹ tẹ̀ fún “ọ” àti “kọ́”. Ọkọ bàbá yín ni wọ́n gbọ́, wọn ò gbọ́ ọkọ́ tó fi ń roko.

Ẹ fi ẹnu lásán sọ ọ́ ná: re mí, dò mí, re, mí mí. Bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé. Ẹ lè fò jìnnà o, kó ṣáà ti gòkè níbi tó yẹ kó gòkè.

Ìlà kejì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí àmì ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa tẹ ohun tó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ yí ti ọ̀tún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni èyí wà fún. Ibi tí ẹ bá ti fi Faransé kọ ọ́, tàbí tí dùùrù ń dá sọ̀rọ̀, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ gbà á sórí fóònù, kí àgbàlagbà kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyá mi ni mo máa ń fún níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mi ò kì í bi í pé ṣé ó dùn. Mo máa ń ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún mi.