Ẹ Bi Màmá Léèrè: Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kí n lọ wò nílùú òyìnbó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Lóṣù kẹfà, màá lọ wẹ ọmọ tuntun fún ìyàwó ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi ní Sátidé kan péré lòun lè fi gbé mi jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó kan ìgbàgbọ́ tiwa níbí ni mo fẹ́ wò. Èwo ni kí n lọ? Ṣé wọ́n ń gbowó?
Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Ọlọ́run á wò ó.

Ìlú Canterbury ni kí ẹ lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń yára láti ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù kì í lò tó wákàtí kan ààbọ̀. Inú kàtídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1864. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821! Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà. Ẹ sì rántí pé ọ̀dọ̀ wa ní Àgbádárìgì níbí ló kọ́kọ́ gbé nígbà tó ń dúró kí ọ̀nà Abẹ́òkúta là, láti 1845 wọ 1846. Ìtòsí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó wà níbí, ni mo ti ń ta gúgúrú fún ìyá mi ní kékeré, n kò mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn mi. Ẹ bẹ ọmọ yín kó sún Sátidé náà mọ́ ọjọ́ 29.

Ẹ mú Bíbélì Yorùbá yín dání. Èmi jókòó sí ẹ̀yìn, mo ka Orin Dáfídì kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ má kúrò láìwo àtẹ̀gùn òkúta tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń gùn lọ síbi ibojì Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1170. Ẹsẹ̀ àti orúnkún èèyàn ti jẹ ẹ́ wọnú bí ojú ọlọ àtijọ́. Ọba Henry VIII ní kí wọ́n wó ibojì náà ní 1538; àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń jó níbẹ̀ báyìí.

Ti owó: ẹni tó wá wòran á ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wá jọ́sìn kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ wo aago ìsìn ìrọ̀lẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dúró gbọ́ orin àwọn akọrin.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé St Martin's, kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni, ṣùgbọ́n Ayaba Bertha, ìyàwó ọba Kent, ti ń gbàdúrà níbẹ̀ kí Augustine, ajíhìnrere tí póòpù rán láti Róòmù, tó dé ní 597, wọ́n sì ń jọ́sìn níbẹ̀ dòní. Bíríkì àwọn ará Róòmù ṣì wà lára ògiri. Ẹ fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, ẹ ṣèwádìí kí ẹ tó lọ. Nígbà kan, mo bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan ní títì, mo yíjú pa dà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, tó sọ ilé tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Bí ẹ bá jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, ilé ìjọsìn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1778 wà ní City Road, ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sin Wesley sí. Ìjọ rẹ̀ ló rán ajíhìnrere Thomas Birch Freeman tó wàásù lábẹ́ igi Àgíà wa ní 1842.

Ẹ mú súwẹ́tà lọ. Inú ilé òkúta yẹn tutù, oṣù kẹfà ò yọ ọ́ sílẹ̀.