Ẹ má sanwó fún orúkọ kankan lójú ọ̀run

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè pé èló ni wọ́n ń gbà láti fi orúkọ ìyá yín tó ti dolóògbé sọ pílánẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ìyẹn òkúta tó ń yí oòrùn po, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yín mú ná. Èmi náà ti san irú owó yẹn rí. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí aláràbarà kan ránṣẹ́ sí mi, orúkọ bàbá mi hàn gàdàgbà lórí rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ó lé lọ́dún kan kí n tó mọ̀ pé, yàtọ̀ sí èmi àti ẹni tó gbowó mi, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn mọ́ ohun kankan lójú ọ̀run.

Orúkọ àwọn òkúta yìí kì í ṣe ọjà. Ẹni tí wọ́n bá kà sí ẹni tó kọ́kọ́ rí i ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dábàá orúkọ, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ IAU, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, ló sì ń fọwọ́ sí i tàbí kí ó dá a padà. Nígbà tí mo mọ èyí, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wá a lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àwòrán ojú ọ̀run. Wọ́n á fún yín ní àwòrán mẹ́rin tí wọ́n yà ní ojú kan náà, ẹ ó máa yí wọn lọ yí wọn bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ìràwọ̀ á dúró gbagidi. Bí ẹ bá rí ẹyọ kíún kan tó ń rìn tààrà láàárín wọn, bóyá òun nìyẹn, bóyá ìdọ̀tí lójú kámẹ́rà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀kan, mo pariwo. Àṣé àwọn kan ti rí i ṣáájú mi, oyè sì bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Èkejì tí mo rí kò tíì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àmì ló ṣì ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ. Ẹ wo irú àmì bẹ́ẹ̀ lára òkúta kan tó ń jẹ́ Apophis: 2004 MN4. Ọdún tí wọ́n rí i ni 2004. Wọ́n pín oṣù kọ̀ọ̀kan sí méjì, A ni ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kìíní, B ni ìdajì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń fo lẹ́tà I. M wá bọ́ sí ìdajì kejì oṣù kẹfà. N, tó ń sọ ipò rẹ̀ nínú ìdajì oṣù náà, ni lẹ́tà 13, nọ́ńbà 4 sì ń sọ pé wọ́n ti ka lẹ́tà 25 (A dé Z láìsí I) tán lẹ́ẹ̀mẹrin. 100 pẹ̀lú 13: òun ni ìkẹtàléláàádọ́fà tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ilé tiwọn sì ni ọ̀nà tí òkúta náà ń gbà yí oòrùn po. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí i nígbà mẹ́rin tí ayé bọ́ sí àárín òun àti oòrùn, kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà. Ìyà ti jẹ wọ́n rí ni. Òkúta Albert tí wọ́n rí ní 1911 sọnù títí di ọdún 2000. Zhang Yuzhe, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ṣáínà, rí ọ̀kan ní 1928, ó pè é ní China, ó sọnù. Nígbà tó yá wọ́n gbé orúkọ náà fún òmíràn, ni wọ́n bá tún rí ti àkọ́kọ́ padà ní 1986! Zhongguo ló ń jẹ́ báyìí, ìyẹn orúkọ Ṣáínà lédè àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn.

Tí nọ́ńbà bá ti jáde, ọdún mẹ́wàá lẹ ní láti dábàá. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ ju àmì 16 lọ, àlàfo náà wà níbẹ̀. Olóṣèlú àti ológun gbọ́dọ̀ ti kú fún 100 ọdún. Ìpolówó ọjà, rárá. Orúkọ ẹran ọ̀sìn, wọn kì í fẹ́ ẹ mọ́, láti ìgbà tí ẹnì kan ti fi orúkọ ológbò rẹ̀, Mr. Spock, sọ ọ̀kan (èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀). Orúkọ ìyá yín kò ní wàhálà, àyàfi tí òkúta náà bá jẹ́ èyí tó ń sún mọ́ ọ̀nà ayé, torí orúkọ inú ìtàn ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ń fún ìyẹn. Apophis, bí àpẹẹrẹ, ti inú ìtàn Íjíbítì ni.

Ẹ ó tún kọ gbólóhùn díẹ̀ tó sọ ẹni tó ni orúkọ náà. Èmi ti kọ ti bàbá mi sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lódindi jẹ́ àmì 19, mo gé e kù sí orúkọ kan ṣoṣo.

Ìwé ẹ̀rí yẹn ṣì wà lára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ ọdún sí nígbàkigbà tí wọ́n bá tún rí òkúta mi. Ó di méjì báyìí.