Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan irinṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ ní ọmọbìnrin yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1 fẹ́ di ẹnjiníà iná, bàbá rẹ̀ wá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kó lọ sí Commercial. Iṣẹ́ yẹn gan-an lèmi ń ṣe jẹun. Ẹ jẹ́ kó ṣe Sáyẹ́ǹsì, torí JAMB kì í gba àwáwí: láìsí Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Ìṣirò, kò sí ẹnjiníà.

Ti ọpọlọ kọ́ ni ká máa jà lé lórí. Grace Alele-Williams kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago lọ́dún 1963. Deborah Ajakaiye di ọ̀jọ̀gbọ́n Físíìsì ní 1980. Ẹ dárúkọ wọn fún bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni wọ́n fi máa ń du àwa obìnrin. Nígbà tí mo lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe, wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sídìí tiransifọ́má, wọ́n ní kí èmi jókòó sí ọ́fíìsì, pé oòrùn ti mú jù. Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe mí o! Fáìlì nìkan ni ǹ bá rí kọ sínú logbook mi, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ tí a ṣe sí. Mo jí lọ bá fóománù láàárọ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀sì, mo fẹ́ tẹ̀ lé yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó na tẹ́sítà sí mi, ó ní kí n wá láìfù, ìyẹn ihò tí iná wà, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Mo ti ẹnu tẹ́sítà bọ inú ihò náà, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí tẹ́sítà, gílóòbù kékeré inú rẹ̀ sì tàn. Kò sẹ́ni tó tún dá mi padà sí ọ́fíìsì.

Ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá bá ń tú jẹnẹrétọ̀, ta ló ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú? Ó dájú pé àbúrò ọmọbìnrin yín tó jẹ́ ọkùnrin ni, tí ọmọbìnrin náà ń fọ abọ́. Ẹ gbé abọ́ fún àbúrò, ẹ fún òun ní sípánà. Kó yọ púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kó fi sanpépà ha ẹnu rẹ̀, kó dè é padà, kó sì fa okùn títí ẹ̀rọ yóò fi dún. (Bàbá tèmi náà ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kò sì gbà títí dòní pé òun jẹ̀bi, àmọ́ èmi ló ń pè bí inverter rẹ̀ bá ń ké.)

Ẹ tún béèrè APWEN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, ní ìpínlẹ̀ yín. Wọ́n máa ń lọ bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́.